Ọmọ ń ké lálẹ́, ara ìyá kò fọn: èsì mi fún ìyá ìkókó kan ní Kubwa

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kubwa ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni mí. Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méje. Kílò 3.1 ni nígbà tí mo bí i, wọ́n wọ̀n ọ́n ní 4.5 nígbà tí a lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́wàá ló máa ń ké. Ọmú mi ti rọ̀ jọ̀jọ̀, mo sì fún un sínú ike wò, kò bo ìsàlẹ̀ ike. Ìyá ọkọ mi ní ebi ló ń pa ọmọ, pé kí n fún un lómi àti àgbo nítorí ooru Àbújá. Nígbà tí a ti ibi abẹ́rẹ́ dé la ra mílíìkì inú agolo, ìgò méjì ni mo ń fún un lálẹ́, ó sì ń sùn. Kí omi ọmú lè pọ̀, mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, málítì méjì lójúmọ́, àti kúnú oníkánwá (káún ni kánwá) tí aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ń gbé wá fún mi. Kílò 68 ni mí kí n tó lóyún, 86 nígbà tí mo fẹ́ bímọ, 81 ni mí báyìí, kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Ṣebí wọ́n ní ẹni tó bá ń fọ́mọ lọ́mú máa ń fọn? Ẹnìkan ti ta tíì tó ń yọ ikùn fún mi. Ṣé kí n mu ún? Àbí omi ọmú mi ni kò tó?"

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Ìbéèrè méjì lo rò pé o bi mí, ọ̀kan nípa ọmọ, ọ̀kan nípa ara rẹ. Lójú èmi tí mo ti ń gbẹ̀bí tipẹ́ nílùú yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rù pé omi ọmú kò tó ló gbé agolo wọlé, ẹ̀rù kan náà ló ń gbé málítì àti kúnú sí ọ lẹ́nu. Ká kọ́kọ́ tú ẹ̀rù náà wò.

Èsì ohun tí ò ń bèèrè wà nínú lẹ́tà tí o kọ. Ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ jò lẹ́yìn ìbí. Ó lè pàdánù 7 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nígbà mìíràn tó 10, kó tó padà sí iye tí wọ́n bí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń retí kó fi nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí di bí oṣù mẹ́ta. Ká tiẹ̀ ní tìrẹ lo gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kó tó padà sí 3.1, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù ì bá fi 600 sí 800 kún un. Ó fi 1,400 kún un. Ọmọ tí ebi ń pa kì í sanra báyẹn. Kí o sì wo ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n: agolo kò tíì wọlé yín nígbà yẹn. Omi ọmú tí ò ń bú yìí, òun nìkan ló gbé 4.5 náà wá. Mú káàdì abẹ́rẹ́ yẹn, kí o fi han ìyá ọkọ rẹ, kí ẹ jọ kà á.

Ohun kejì tí mo máa ń bèèrè ni Pampers, o kò sì sọ ọ́. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń yó máa ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sán àti òru, ìtọ̀ rẹ̀ á sì mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí omi. Kà á fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá tó mẹ́fà, tàbí tí ìtọ̀ náà pọ́n tó sì ń rùn gan-an, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Bákan náà ni ọmọ tó ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí mu ọmú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná dé 38. Má dúró de èsì lẹ́tà fún ìyẹn.

Ọmú tó rọ̀ kì í ṣe ọmú tó gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara kò tíì mọ iye tí ọmọ yóò mu, ó ń ṣe é ní àṣejù, ìdí nìyẹn tí ọmú fi ń le tí bùbá fi ń rin. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti mọ ọmọ. Ọmú á rọ̀, kò ní máa jò sáṣọ mọ́, ìyá á sì figbe ta pé ó ti tán. Mo ti gbọ́ igbe yẹn ní Nyanya, ní Lugbe àti ní Kubwa tìrẹ yẹn, ọjọ́ orí ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ti ike tí o fún un sí, gbàgbé rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹ̀rọ kò mọ ọmú fún tó ẹnu ọmọ, bí ẹ̀rù bá sì ń ba ìyá, omi ọmú kì í tètè ṣàn bó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Igbe ìrọ̀lẹ́ ló ṣòro jù láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu tù ọ́ nínú, nítorí ìwọ lò ń gbọ́ ọ, èmi kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ, ìbáà jẹ́ ọmú ni wọ́n ń mu ìbáà jẹ́ agolo, igbe wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, á le jù ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á sì máa rọlẹ̀ títí wọn ó fi pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́ ló wọ́pọ̀ jù. Ní wákàtí yẹn kan náà ni ọmọ máa ń fẹ́ ọmú léraléra: á mu díẹ̀, á tu ú, á ké, á tún máa fi ẹnu wá a kiri. Ẹni tó ń wò ó á ní kò rí nǹkan mu ni. Mímu léraléra yẹn ló fi ń béèrè pé kí ọmú pọ̀ sí i nítorí ó ń dàgbà. Wo yàrá náà pẹ̀lú. Bí iná bá lọ lóṣù kẹta, tí ọmọ wọ aṣọ méjì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ẹni pé Jos lẹ wà, èmi náà á ké. Bọ́ ọ sílẹ̀ ku ẹ̀wù fẹ́lẹ́ kan, gbé e síta níbi afẹ́fẹ́, kí bàbá rẹ̀ gbé e léjìká rìn yíká àgbàlá. Oorun tó ń sùn lẹ́yìn agolo kì í ṣe ẹ̀rí pé ebi ló ń pa á tẹ́lẹ̀. Mílíìkì inú agolo máa ń pẹ́ kó tó dà nínú ọmọ ju omi ọmú lọ, ìgò méjì sì lè kún inú rẹ̀ débi tó máa sùn fọnfọn.

Bí ọmú ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń ṣe bí ìyá alákàrà: iye tí wọ́n rà lánàá ló ń wò kó tó rẹ ẹ̀wà ti òní. Ọmú tí ọmọ mu tán á tètè kún padà. Èyí tí omi jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ á gbọ́ pé kò sí oníbàárà, á dín in kù. Họ́mónù tó ń ṣe omi ọmú sì máa ń pọ̀ lára ìyá lóru ju ọ̀sán lọ. Nísinsìnyí, wo ohun tí ìgò méjì yẹn ń ṣe. Ní aago mẹ́fà sí mẹ́wàá tó yẹ kí ọmọ máa bèèrè, agolo ló ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó sùn gbalaja, ìwọ náà sùn, ọmú sì kún títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí èyí bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi ọmú á dín kù lóòótọ́, gbogbo ilé á sì ní ṣebí àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ti omi àti àgbo, rárá ni mo máa sọ. Nínú 100 ìwọ̀n omi ọmú, bíi 87 ló jẹ́ omi, wọ́n sì ti wò ó láwọn ibi tó gbóná ju Àbújá lọ, ọmọ tó ń mu ọmú nìkan kò nílò omi kankan kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ohun tí ooru ń béèrè ni kí ọmọ túbọ̀ máa mu ọmú, kí ìwọ náà sì mu omi nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́. Omi tó wọ ikùn kékeré yẹn á gba àyè oúnjẹ. Bó bá sì jẹ́ omi mẹ́ruwà ni, tàbí omi kànga tí a kò sè, ìgbẹ́ gbuuru ló máa bá a wọlé. Àgbo tilẹ̀ tún burú sí i, torí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó. Ṣùgbọ́n má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tiwọn ni wọ́n ń ṣe, àwọn ìdílé tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà: nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí ìlera lọ́dún 2018, 29 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Mú wọn dání nígbà tí ẹ bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Kí o sì fún wọn ní iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn: ìwẹ̀ ọmọ, pípọ̀n, oríkì, àti ọbẹ̀.

Kí ni kí o ṣe sí agolo tó ti wọlé? Mílíìkì inú agolo kì í ṣe májèlé. Ó ti gba ẹ̀mí ọmọ àwọn ìyá kan là: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gan-an nígbà ìbí, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́mú, ẹni tí ọmú rẹ̀ kò tilẹ̀ wú rárá nígbà oyún. O kò sọ ohunkóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ padà sí ọmú nìkan, má gé e lójijì. Fún un ní ọmú méjèèjì kí o tó fa ìgò jáde, kí o dín nǹkan bíi mílílítà 30 kù nínú ìgò náà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí o máa ka Pampers, kí o sì wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Bó bá ṣì ń fi 150 kún un, máa dín in lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, dúró, kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wo bó ṣe ń mú ọmú: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ là gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, a ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu, ìwọ á máa jẹ̀rora, òun kò sì ní yó. Bí o bá sì rò ó tán tí o rí i pé ìgò kan lálẹ́ ló ń jẹ́ kí ọpọlọ rẹ dúró, mi ò ní bá ọ wí. Kàn mọ̀ pé omi ọmú lè dín kù díẹ̀, pé owó agolo kò kéré lásìkò yìí, àti pé o kò gbọ́dọ̀ fi omi là á kó lè pẹ́. Omi tó hó ni kí o fi pò ó, ṣíbí inú agolo náà ni kí o fi wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí o sì da èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kílò. Láti 86 sí 81, márùn-ún ló lọ. Ọmọ kó 3.1 nínú rẹ̀, ibi ọmọ àti omi tó yí ọmọ ká kó bíi kílò kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tó jáde lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ọ̀rá tí oyún kó jọ kò tíì kúrò níbẹ̀. Àwọn tó sọ pé fífọ́mọ lọ́mú ń mú ìyá fọn kò parọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Ṣíṣe omi ọmú ń gba nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́, ara sì máa ń fẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ láti inú ọ̀rá tó wà nípamọ́. Ṣùgbọ́n ìgò málítì méjì àti ife kúnú aládídùn kan ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ká má tíì wá sórí oúnjẹ gidi. Ṣúgà inú ìgò málítì kan ju ṣíbí tíì mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀ kò sí omi ọmú nínú málítì. Ohun tó ń pè é jáde ni ẹnu ọmọ. Àìsùn náà tún ń dá kún un, nítorí ẹni tí kò sùn dáadáa máa ń wá nǹkan dídùn jẹ kiri.

Dá málítì dúró. Mu ẹ̀kọ rẹ, ṣùgbọ́n má da mílíìkì àti ṣúgà lé e. Fi mọ́ín-mọ́ín tàbí ẹja tì í. Jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí iyán àti àmàlà jẹ́ ti ọ̀sán, kí òkèlè sì kéré ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Má febi pa ara rẹ. Bí o bá ń jò ní bí ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀, ó dára gan-an, kò sì ní dí omi ọmú lọ́wọ́. Rírìn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn tàbí láìsí ọmọ. Oṣù mẹ́sàn-án lo fi kó o jọ. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ọ̀pọ̀ fi ń yọ ọ́, àwọn kan kì í sì fọn títí wọn ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mi ò lè bá ọ ṣèlérí èwo lo máa jẹ́ nínú wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o farabalẹ̀ ni kúnú yẹn. Kúnú jéró fúnra rẹ̀ kò lóhun tó ṣe. Kánwá inú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú, nítorí bí iyọ̀ ló ṣe ń fa omi mọ́ ara. Àìsàn kan wà tó ń mú ọkàn ìyá rọ lópin oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ, ó sì wọ́pọ̀ ní àríwá Nàìjíríà ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ nípa rẹ̀ lára àwọn ìyá tó ń mu kánwá, tó ń fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀, tó sì ń sùn sórí ibùsùn tí wọ́n dáná sí lábẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò di gbogbo ẹ̀bi ru kánwá, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún wà lára ohun tí wọ́n rí. Síbẹ̀, mi ò rí ìdí tí ìyá ìkókó á fi máa mu ún lójoojúmọ́. Bẹ aládùúgbò rẹ kó máa ṣe kúnú tsámíyá (àjàgbọn) fún ọ, kó fi ṣúgà mọ níwọ̀n. Obìnrin náà fẹ́ràn rẹ, á gbọ́. Lálẹ́ òní, fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ níbi egungun, kí o kà dé mẹ́wàá kí o tó gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè dìde, omi wà nínú kílò 81 yẹn, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́la. Ṣùgbọ́n bí èémí rẹ bá ń há nígbà tí o bá dùbúlẹ̀, tó di dandan kí o to ìrọ̀rí kí o tó lè sùn, tàbí tí o ń ta jí lóru bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, ọsibítù ńlá ni lóru ọjọ́ yẹn gan-an.

Tíì yẹn, má mu ún. Ewé tó jẹ́ ìbátan àsùnwọ̀n ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń mú ni yà, omi ara ló ń lọ, ọ̀rá kò mì, tí o bá sì mu omi lọ́la kílò náà á padà. Àwọn mìíràn tún burú ju ìyẹn: oògùn sibutramine, tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ́dún 2010 nítorí ìpalára rẹ̀ fún ọkàn, ni àwọn aláyẹ̀wò ti bá nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Ọ̀já ìdikùn lè mú kí ẹ̀yìn má ro ọ́, kì í yọ ọ̀rá. Bí o bá sì ti gba abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí olóṣù mẹ́ta, mọ̀ pé ó máa ń mú àwọn kan sanra. Bi nọ́ọ̀sì nípa oríṣi mìíràn.

Lẹ́tà ni mo rí, mi ò rí ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ sílẹ̀, tàbí bóyá tàírọ́ìdì iwájú ọrùn ń ṣe ségesège, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá kan láàárín ọdún àkọ́kọ́. Bí ó bá ń rẹ̀ ọ́ ṣáá lẹ́yìn tí o ti sùn, tí òtútù ń mú ọ nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, tí irun ń já gan-an, sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí ìwọ náà bá sì ń sunkún lójoojúmọ́, tí ọmọ kò wù ọ́ gbé, tí èrò burúkú ń wá sọ́kàn, sọ fún ọkọ rẹ lónìí, kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, kì í ṣe pé o kò fẹ́ràn ọmọ.

Ní ti iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi ìbímọ yín, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó bí sì ti jẹ nínú rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ọmú pamọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìpadà, lówùúrọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán. Nínú yàrá tó tutù, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin. Nínú ooru wa yìí, jẹ́ kó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fíríìjì tí iná kò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin, nínú kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀, ọjọ́ kan. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tún fún ìyá ní wákàtí méjì lójúmọ́ láti lọ fọ́mọ lọ́mú, títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í bèèrè, ọ̀gá tó máa rán wọn létí kò sì pọ̀. Kọ lẹ́tà tìrẹ báyìí tí o ṣì wà nílé, kí èsì rẹ̀ ti jáde kí o tó wọlé.